Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá)

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, jẹ́ òṣèré aláwàdà, olórin, olórí ẹgbẹ́ òṣèré àti olùgbéjáde fíìmù ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó jáde láyé ní ìlú Iléṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹwàá ọdún 2018, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún láyé. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèré Aláwàdà sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó sọ àwàdà di odidi iṣẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri Yorùbá. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn ni ó gbé ẹgbẹ́ náà wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Ọ̀run Móoru (1982), wà lára àwọn fíìmù Yorùbá tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní àkókò rẹ̀. Fíìmù yìí kan náà ni ó kó o sínú gbèsè, nítorí pé àwọn tí ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ láìgbàṣẹ rí i jí kí olówó tó rí èrè rẹ̀. Tí a bá ń rántí Bàbá Sàlá lónìí, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í jìnnà sí ara wọn: ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán gbé e ga, ẹ̀rọ fídíò sì gba èrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀

Bàbá Sàlá kì í ṣe orúkọ àbísọ. Irú orúkọ tí Yorùbá fi ń ti ara ọmọ pe òbí ni, bí a ṣe ń pe ẹnì kan ní Bàbá Táíwò tàbí Ìyá Àlàbá. Nínú eré, Lámídì ni orúkọ ẹni tí ó ń ṣe. Orúkọ Mùsùlùmí ni Lámídì, bẹ́ẹ̀ sì ni Moses, orúkọ tí òṣèré náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́, ti inú Bíbélì wá. Kò sí ẹni tí èyí ṣe ní kàyéfì ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹlẹ́sìn méjèèjì ti ń jẹun nínú àwo kan náà lágboolé.

Ní ti Aláwàdà, oní àti àwàdà ni ó di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì borí ti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, n sì yí padà di l, bí a ṣe rí i nínú aláṣọ àti aláta. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè tipẹ́tipẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá wà ní góńgó, ẹni tí ó bá gbọ́ pé Aláwàdà ń bọ̀ wá sí ìlú kò ní béèrè pé aláwàdà wo ni.

Láti ìdí orin

Àárín àwọn ọdún 1930 ni a bí Moses Ọláìyá. Ìdí orin ni ó ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, kì í ṣe ìdí eré. Ó ní ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan tí ó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sunday Adéníyì ti ta gìtá lábẹ́ rẹ̀, kí ó tó kúrò lọ dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí King Sunny Adé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ àwọn méjèèjì dáadáa, ọ̀kan lórí jùjú, èkejì lórí ẹ̀rín, ni kò mọ̀ pé abẹ́ òrùlé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí.

Ìmọ̀ orin yìí kò ṣòfò. Ẹni tí ó bá wo eré Bàbá Sàlá fínnífínní yóò rí i pé ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ àwọn olùwòran lára kí ó tó sọ èyí tí ó kàn, gẹ́gẹ́ bí onílù ṣe ń mọ ibi tí ọwọ́ yóò ti dúró.

Ẹgbẹ́ eré alárìnkiri àti ipò àwàdà nínú rẹ̀

Kí a tó lè mọ ohun tí Aláwàdà ṣe, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ eré ti rí kí ó tó dé. Láti àwọn ọdún 1940 ni Hubert Ògúndé ti sọ eré orí ìtàgé di iṣẹ́ òòjọ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì pọ̀ lẹ́yìn wọn. Olórí ẹgbẹ́ ni ó ni ọkọ̀, òun ni ó ń ronú eré, òun ni ó ń kó ipa tí ó tóbi jù, òun náà ni ó sì ń san owó oṣù. Àwọn ìyàwó rẹ̀ sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á fi gbohùngbohùn polówó káàkiri àdúgbò ní ọ̀sán, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á tún di ẹrù sọ́kọ̀.

Nínú eré àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, àwàdà wà, ṣùgbọ́n àlejò ni. Ìtàn àtijọ́, ìtàn Bíbélì, ọ̀rọ̀ ìṣèlú tàbí ẹ̀kọ́ ìwà ni ó gba iwájú. Aláwàdà á wọlé díẹ̀ kí ara lè tu àwọn olùwòran, á sì jáde. Ó tilẹ̀ léwu nígbà mìíràn kí òṣèré máa sọ̀rọ̀ gidi: ní ọdún 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ní àárín àwọn ọdún 1960 yìí náà, nígbà tí rògbòdìyàn ìṣèlú gba ẹkùn náà kan, ni Moses Ọláìyá bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó sọ àlejò di onílé. Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi parí. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kàn ń bọ̀ lẹ́yìn ni, nígbà tí ojú bá ti ti Lámídì tán.

Lórí amóhùnmáwòrán

Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba ilé ni ó ní ẹ̀rọ náà. Nítorí náà ni iye ẹni tí ó ń wo eré kan fi máa ń ju iye ẹ̀rọ lọ fíìfíì: ará ilé, ará àdúgbò àti àwọn ọmọdé tí ó dúró lójú fèrèsé. Ilé iṣẹ́ náà nílò ohun tí yóò mú èdè Yorùbá dé ojú ẹ̀rọ, àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri sì ti ní eré lọ́wọ́, wọ́n sì ní àwọn òṣèré tí ẹnu wọn dá ṣáká.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò dà bí eré tí a kọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Olórí ẹgbẹ́ á sọ ìtàn náà fún àwọn òṣèré, olúkúlùkù á mọ ibi tí yóò ti wọlé àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìyókù á kù sí orí ẹnu. Ọ̀nà yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú eré dà bí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, pẹ̀lú òwe, èébú tí kò dunni, àti ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá gbà lẹ́nu ẹlòmíràn láìròtẹ́lẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè, irú eré bẹ́ẹ̀ níye lórí ju bí ó ti hàn lójú lọ, nítorí pé Yorùbá tí àwọn ènìyàn ń sọ gan-an ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún ṣe fún ìwé.

Owó tí amóhùnmáwòrán ń san fún àwọn ẹgbẹ́ eré kò tó nǹkan. Èrè tòótọ́ ni ìpolówó: ẹni tí ó bá ti rí Bàbá Sàlá lójú ẹ̀rọ á fẹ́ rí i lójúkojú nígbà tí ọkọ̀ Aláwàdà bá dé ìlú rẹ̀. Ìwé ìròyìn Atọ́ka, tí ó ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sọ ìtàn eré, tún gbé àwọn òṣèré alárìnkiri dé ọwọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àwọn ìpínlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, WNTV di NTA Ìbàdàn, Aláwàdà sì ń bá eré lọ níbẹ̀. Ní ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá.

Lámídì

Ìrísí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ. Táì onílabalábá tí ó so mọ́ ọrùn fẹ̀ tó ìyẹ́ ẹyẹ. Nígbà mìíràn, agogo ńlá ni ó ń gbé kiri gẹ́gẹ́ bí agogo ọrùn ọwọ́. Àwàdà inú èyí rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Táì, awò ojú àti agogo ni àmì akọ̀wé, ọ̀làjú ayé òyìnbó tí ìgbà náà ń sá tẹ̀ lé. Lámídì kó gbogbo wọn jọ, ó sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi dé ibi tí kò ti wúlò mọ́.

Ní ti ìwà, ahun ni, ó lójúkòkòrò, ó fẹ́ràn obìnrin, ó sì ń purọ́ ọlá. Kò sí èyí tí ó burú tó láti mú kí ènìyàn kórìíra rẹ̀. Ó máa ń fẹ́ jẹ láìsan owó, ó máa ń fẹ́ fi ọgbọ́n gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ọgbọ́n náà á sì wó lé e lórí lójú gbogbo ayé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà wà lára ẹrù tí ó rù: ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà ẹni tí ó gbọ́ ọ, àṣìsọ á sì kún un. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, àwọn tí ó gbọ́ ọ sì rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Èrò ẹni tí ó kọ àyọkà yìí ni pé ibi tí ẹ̀rín onímọ̀ àti ti aláìmọ̀ ti pàdé yìí ni agbára Bàbá Sàlá wà jù lọ.

Àwọn aláwàdà mìíràn ń bẹ ní àkókò rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, bí Ajímájàṣán àti àwọn òṣèré Àwàdà Kẹríkẹrì, tí Papalòló, Adérùpọkọ̀ àti Àlùwẹ̀ẹ́ wà nínú wọn. Olúkúlùkù ní àrà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí Aláwàdà ti là ni wọ́n bá.

Ọ̀run Móoru

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ojú àwọn olórí ẹgbẹ́ eré ti kúrò lára ìtàgé lọ sí ara sinimá. Ọlá Balógun ti bá Adéyẹmí Afọláyan (Adé Love) darí Àjàní Ògún ní ọdún 1976, ó sì ti bá Ògúndé darí Ayé ní ọdún 1979. Èrò ya lọ wò wọ́n. Moses Ọláìyá náà pe Ọlá Balógun, Ọ̀run Móoru sì jáde ní ọdún 1982.

Ìtàn náà dá lórí Lámídì tí oníjìbìtì kan tàn jẹ, tí ó gba ohun tí ó kù ní ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí ọrọ̀ ojijì. Nígbà tí ayé sú u, ó fẹ́ kú. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ọ̀run, àmọ́ ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọ́n sì dá a padà sáyé. Àkọlé fíìmù náà ti sọ ìtàn rẹ̀: mú àti ooru ni ó di móoru, ayé gbóná fún Lámídì, ó sì sá dé ọ̀run, ó bá ooru níbẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí aláwàdà gbé ẹ̀rín lé orí ẹni tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, síbẹ̀ fíìmù yìí ṣe é láì fi ọ̀ràn náà ṣeré.

Kí a tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù náà, ẹ jẹ́ kí a wo bí owó ṣe ń wọlé láti ara sinimá ní ìgbà yẹn. Orí fíìmù gidi ni wọ́n ń ya àwòrán sí, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́, nítorí náà owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń san án. Ìwọ̀nba ẹ̀dà ni wọ́n ń tẹ̀. Olówó fíìmù, tàbí ẹni tí ó fọkàn tán, ni ó ń gbé ẹ̀dà náà àti ẹ̀rọ ìgbàfíìmù kiri láti ilé sinimá dé gbọ̀ngàn ìlú, bí wọ́n ti ń ṣe pẹ̀lú eré orí ìtàgé, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ka iye orí tí ó wọlé. Owó tí wọ́n yá ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè padà wálé àfi tí fíìmù bá rin ìrìn yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo ètò náà dúró lé lórí: kí ó má sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà rí fíìmù náà.

Ọ̀nà mìíràn náà sì ti dé. Owó epo rọ̀bì ti jẹ́ kí ẹ̀rọ fídíò wọ ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń yá ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì sì ti gbòde. Àwọn kan rí Ọ̀run Móoru jí, wọ́n dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó sì wà lọ́jà nígbà tí Bàbá Sàlá ṣì yẹ kí ó máa gbé e kiri. Ẹni tí ó lè wo fíìmù nínú pálọ̀ rẹ̀ kò ní sanwó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Òkìkí fíìmù náà ń pọ̀ sí i bí owó tí ó yẹ kí ó mú wá ti ń dín kù, gbèsè sì jókòó sí orí ẹni tí ó ṣe é. Ìkà ni àfiwé tí ó wà níbẹ̀: ọkùnrin tí ó ṣe fíìmù nípa ẹni tí oníjìbìtì gba ohun ìní rẹ̀ ni wọ́n fi fíìmù náà gba ohun ìní lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àdánù yìí fún àwọn oníròyìn léraléra títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Òfin kò ràn án lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti ọdún 1970, ìyà tí ó là kalẹ̀ kò sì tó ohun tí ó lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọdún 1988 ni òfin tuntun jáde, ní ọdún 1989 sì ni àjọ tí yóò máa bójú tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀run Móoru ti pé ọdún méje lọ́jà nígbà yẹn.

Àwọn fíìmù tí ó tẹ̀ lé e

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ Àgbáyé jáde ní ọdún 1983. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni Moṣebọ́látán tẹ̀ lé e, Adé Love ni ó sì darí rẹ̀. Bí a bá tú àkọlé náà, mo ṣe bí ọlá tán ni. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí olówó fíìmù ní ọdún díẹ̀ ṣáájú lè ka orúkọ yìí ní ọ̀nà méjì.

Ní ọdún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé mú kí náírà já wálẹ̀ gidigidi, fífọ fíìmù ní òkè òkun sì di ohun tí apá ọ̀pọ̀ òṣèré kò ká mọ́. Wọ́n yíjú sí kámẹ́rà fídíò. Bàbá Sàlá náà ṣe Àgbà Man lórí fídíò ní ọdún 1992. Ẹ̀rọ tí ó ba tirẹ̀ jẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó wá di irinṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni àwọn tí ó ń dìde ní ìgbà yẹn fi kọ́ iṣẹ́ fíìmù Nàìjíríà tí a ń wò lónìí.

Ikú àti ìrántí rẹ̀

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò lọ nínú ariwo. Iléṣà ni ó gbé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti jáde láyé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹwàá 2018. Àwọn òṣèré, àwọn olórin àti àwọn olóṣèlú kẹ́dùn, Ààrẹ Muhammadu Buhari náà sì ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn olùwòran ní àkókò náà, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni ìrántí ilé tí wọ́n ti ń wò ó: ta ni ó ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ta ni ó jókòó sílẹ̀, àti bàbá wo ni kì í rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ mìíràn àfi tí Lámídì bá yọ.

Ní ti iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kù, ó yẹ kí olùkàwé mọ̀ pé ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju apá kékeré lọ. Fíìmù rẹ̀ ni ó rọrùn láti rí, àwòrán wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé láti ara kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Eré orí ìtàgé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé kiri kò sí nínú ìwé, nítorí orí ẹnu ni ó wà. Nígbà tí gbọ̀ngàn bá tú, ó tán nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀, tí a mọ̀ sí Bóísálà, di òṣèré aláwàdà bíi bàbá rẹ̀. Títí di òní, bí ẹnì kan bá so táì tí ó tóbi jù tàbí tí ó wọ awò ojú tí ó bo ìdajì ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa ń gbọ́ kí wọ́n sọ fún un pé ó múra bí Bàbá Sàlá, kódà lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọn kò tíì wo eré rẹ̀ rí.